Epo Pupa Lábẹ́ Kàrínà

Láràárọ̀, kí n tó fọ ẹnu,
mo máa ń kúnlẹ̀ fún Kàrínà mi.
Kì í ṣe àdúrà. Páálí bisikíìtì ni mo máa ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ lálẹ́.
Ilẹ̀ bá mọ́, n ó fà á yọ, n ó wò ó:
àbàwọ́n pupa, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ jòjòló.
Kó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti fẹ̀ tó tèmi.

Irun orí mi ṣì dúdú nígbà tí mo rà á, tòkúnbọ̀.
Òun ló ń gbé mi lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀
títí mo fi fẹ̀yìn tì.
Òun ò rí ìwé ìfẹ̀yìntì gbà.

Bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀, sítíárìn a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn,
a kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun.
Bí mo bá fẹ́ yí i ní Bẹẹ̀rẹ̀, kí n gun òkè lọ sí Màpó,
tí ọlọ́kadà ń gba ọ̀tún, tí onímàrúwá ń gba òsì,
n ó fi èjìká tì í, n ó fi ìbàdí tì í,
n ó wa eyín pọ̀
bí ẹni tí ń yí ọlọ kúrò nílé àna.

Múdàṣírù, mẹkáníìkì mi l'Ókè-Àdó,
ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí họ́ọ̀sì,
ó fi àkísà nù ún, ó dúró, ó ń wo ibi tí yóò ti sun.
"Bàbá, họ́ọ̀sì kọ́. Pọ́ǹpù kọ́.
Síìlì ráákì ló ti jẹ. Ráákì la máa pààrọ̀."
Ó dá iye. Mo ní kó tún un dá.
Iye náà ò kúrò níbi tó wà.

Mo bá ra ọ́ìlì onígo kan, mo fi ìwé ìròyìn wé e,
mo tì í sí búùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì.
Oṣù mẹ́rin ni mo fi bù ún bí ẹni tí ń bu oògùn ikọ́ fọ́mọ,
ìdérí kan láàárọ̀, ìdérí kan nírọ̀lẹ́.
Èyí tí mo dà lókè, ilẹ̀ ń mu ún nísàlẹ̀.
Ṣìjúadé, ọmọ mi, ní kí n tà á.
Mo ní ta ni yóò ra ẹkún ẹlẹ́kún?

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú èjìká mi ní Yemẹtù
gbá apá mi mú, ẹnu yà á:
"Bàbá, apá yìí ti le sí i! Eré ìdárayá wo lẹ ń ṣe?"
Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mi ò dárúkọ Bẹẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n san díẹ̀ nínú owó tí wọ́n jẹ wá,
mo kọrí sí Àràròmí ní Géètì,
níbi tí irin òkú ọkọ̀ ti ń dúró de ọkọ̀ tó kù díẹ̀ kó kú.
Ọmọkùnrin kan gbé ráákì sí mi lọ́wọ́ bí itan màlúù,
ó búra pé kò jò.
Gbogbo wa la máa ń búra bẹ́ẹ̀.

Múdàṣírù dè é. Wàídì ọmọọṣẹ́ rẹ̀ da ọ́ìlì tuntun sí i,
ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde.
Ìkùnsínú náà dákẹ́.

Ẹ ò bá wò mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà!
Agbára oṣù mẹ́rin ni mo fi yí ohun tó fúyẹ́ bí abẹ̀bẹ̀.
Taya iwájú gun etí gọ́tà. Ọlọ́kadà kan bi mí bóyá ọtí ni.
Ọtí kọ́. Apá mi ni,
kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ogun ti parí.

Ilẹ̀ mọ́, mo tún kúnlẹ̀.
Páálí gbẹ, àfi igun kan,
ẹ̀kán pupa kan ṣoṣo.
Àyà mi já. Mo fi ìka kàn án, mo gbé e símú.
Epo ni, epo ọ̀pẹ gan-an:
ọmọ Ṣìjúadé ló mú iṣu elépo lọ́wọ́ kọjá níbẹ̀ lálẹ́ àná.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀,
mo rẹ́rìn-ín títí èjìká fi ń dùn mí.
Igo náà ṣì wà ní búùtù.
Mi ò tíì lè jù ú nù.