Ògiri Inú Àsìkò

Aago méjì òru, l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè.
Mo da omi tútù sórí gaàrí,
mo ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣírò lọ:
ìgbì ìmọ́lẹ̀ kan nínú ohun tí kì í dúró sójú kan.

Kò sí ògiri lọ́nà rẹ̀.
Àsìkò ni mo fi mọ ògiri.
Ní ìṣẹ́jú tí mo dá, ara ohun náà yí padà
níbi gbogbo, lẹ́ẹ̀kan náà.
Ìgbì pín. Ọ̀kan ń lọ,
ọ̀kan ṣẹ́rí padà
bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé.
Ìṣísẹ̀ wọn kò gùn sí i, kò kúrú;
gbígbọ̀n wọn ló falẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ Bàbá Odùnúgà kú.
Mo bojú wo abọ́:
gaàrí ti wú, ó ti mumi tán,
ṣíbí dúró gbọin láàárín rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.