Ojú Ewé Mẹ́ta

Ojú ewé mẹ́ta ni mo kọ,
bírò aláwọ̀ búlúù, lẹ́tà gàdàgbà,
kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun kò rí i kà:
Ẹ má tan iná mọ́ mi lójú.
Ẹ má pariwo "pọ́ọ̀ṣì! pọ́ọ̀ṣì!" sí mi létí.
Ẹ má pè é ní ìrora. Ìgbì ni mo ń pè é.
Nísàlẹ̀ pátápátá, mo fa igi sí i nídìí:
ABẸ KÒ SÍ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ WA.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ èémí
lórí ẹní, ní yàrá wa ní Ìjàpọ̀,
tí obìnrin inú fóònù ń rọra bá mi sọ̀rọ̀:
fà á wọlé, ka mẹ́rin; tú u síta, ka mẹ́jọ.
Ó ní kí n wo etíkun kan lọ́kàn mi.
Ta ló mọ etíkun l'Ákùrẹ́?
Odò Àlá ni mo gbé síbẹ̀,
mo kó ọ̀rá àti ike kúrò lójú omi,
mo jókòó sí bèbè rẹ̀.
Adégòróyè ọkọ mi á máa bá mi kà á,
oorun á gbé e lọ kó tó ka márùn-ún.
Ìyá rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó wò wá títí:
"Èyí tí ẹ ń mí yìí, ṣé àwa ò mí nígbà tiwa ni?"

Ìtàn ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ́ kí n kọ̀wé.
Wọ́n gbá a nítan lórí ibùsùn ìrọbí,
wọ́n ní, "Ṣé àwa la rán ẹ níṣẹ́?"
Ọmọ ọ̀hún ti pé ọdún mẹ́sàn-án;
ẹ̀gbọ́n mi kì í gba iwájú ilé ìwòsàn yẹn kọjá.
Nígbà tí mo wọ ti Òkè-Àró ní aago méjì òru,
ìwé mi ni mo kọ́kọ́ nà sí wọn.

Nọ́ọ̀sì Akíndùró ló gbà á. Obìnrin kúkurú, ará Oǹdó,
bàtà rẹ̀ ń dún lórí táìlì.
Mo ń retí ẹ̀rín yẹ̀yẹ́.
Ó wọ awò ojú, ó kà á dé ìsàlẹ̀.
Ó pa iná kan nínú méjì.
Kò sọ nǹkan kan.

Ìgbì ń wá, mo ń mí, Odò Àlá ń ṣàn.
Kí n má purọ́, ó ṣiṣẹ́,
ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà gbáko.
Lẹ́yìn náà, odò gbàgbé mi.
Mo ké, wọ́n gbọ́ ọ dé ẹnu géètì,
mo pe ìyá mi tó ti kú, mo bú Adégòróyè,
mo pe ìrora ní orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé mi níkùn.
Ó tẹ́tí. Ó sún un. Ó tún tẹ́tí.
"Ìyá mi," ó ní, jẹ́jẹ́,
bí mo ṣe kọ ọ́ pé kí wọ́n máa bá mi sọ̀rọ̀,
"mo ka ìwé yín, gbogbo rẹ̀ ni mo kà.
Ṣùgbọ́n ọmọ inú yín kò tíì mọ̀wé.
Ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Dókítà ń bọ̀.
Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa wọ yàrá yẹn."

Mo rántí iná kan tó pa lóru.
Mo ní, ẹ máa gbé mi lọ.

Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò mọ ẹni tó kọ̀wé sí i.
Wọ́n ta aṣọ àwọ̀ ewé dínà ojú mi.
Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń kà á sí mi létí:
fà á wọlé, mẹ́rin; tú u síta, mẹ́jọ.
Ojú ewé kejì ni mo kọ ìyẹn sí.

Ẹ má bi mí bóyá mo borí.
Àpá wà níkùn mi, ó máa ń yún mi tí òjò bá ṣú.
Lọ́jọ́ tí a ń padà sílé, ó dá ìwé mi padà.
Mo yí i sẹ́yìn.
Bírò pupa. Lílù ọkàn ọmọ mi ló ti ń kọ síbẹ̀ láti òru:
mẹ́rìnlélógóje,
ogóje,
méjìdínlógóje,
àádóje,
mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún,
méjìdínláàádọ́rùn-ún.
Ó fa igi sí i nídìí bí èmi náà ti fà á,
ó sì kọ ọ̀rọ̀ méjì sábẹ́ rẹ̀:
Ó ké.