Dékúnlé Ọ̀nàfúwà Wá Ra Ọkọ̀ Asáré

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni, ìrì ò tíì gbẹ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
Dékúnlé Ọ̀nàfúwà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Ṣágámù,
níbi tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde ti ya kúrò lára ti Ìbàdàn.
Inú ọ̀rá búrẹ́dì ló di owó rẹ̀ sí.
Èmi ni mo ń so wáyà iná níbẹ̀,
ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń yọjú wo ikùn ọkọ̀.

Méjì ló wà nílẹ̀, méjèèjì pupa bí ata rodo,
méjèèjì lúgọ mọ́lẹ̀ bí ológbò tó rí eku.
Ọ̀kan, mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún.
Èkejì, mọ́kànlá.
Dékúnlé yí wọn ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹsẹ̀ ta táyà,
ó ní, "Bùrọ̀dá Rábíù, kí ló ṣe èyí?
Ṣé omi ti wọ̀ ọ́ rí ni? Àbí wọ́n jí i ni?"

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni;
ẹ̀dínwó ń bà á lẹ́rù ju ọ̀wọ́ngógó lọ.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ní, wo ẹ́ńjìnnì yìí dáadáa.
Ṣé o ò rí i rí?
Òun ló wà nínú ọkọ̀ tí tíṣà fi ń lọ sílé ìwé ní Ìlíṣàn,
òun ló ń gbé ìyàwó pásítọ̀ re ọjà.
Àwọn tó ṣe é ò jókòó da orí ara wọn rú,
wọ́n nawọ́ sí pẹpẹ, wọ́n mú èyí tó wà nílẹ̀,
wọ́n so tọ́bò mọ́ ọn létí, wọ́n ní, "Ìwọ náà, máa sáré."
Ọwọ́ ilẹ̀kùn, ti ọkọ̀ oníyàwó-ọlọ́mọ ni.
Díńgí ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ náà.
Fi èékánná kan dáṣíbọ́ọ̀dù,
á dún kó bí ike ìpọnmi.

Ẹnìkejì rẹ̀ yìí, ọmọ Jámánì,
ẹnì kan ṣoṣo ló fọwọ́ to ẹ́ńjìnnì rẹ̀,
ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i lórí.
Irin ò wọ́n, Dékúnlé. Ọwọ́ ló wọ́n.
Lẹ́yìn ọwọ́, orúkọ baba:
orúkọ yẹn nìkan á gba mílíọ̀nù márùn-ún,
orúkọ ò sì ní táyà.

Ìdí agbọ̀n obì ni wọ́n ti tọ́ èmi.
Ìyá mi Múlíkátù, ní Sábó, ló ń ṣa gbànja:
ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀,
èyí tí kòkòrò ti wọ̀, sínú abọ́ tó ti jò.
Ọdún tí obì bá so jù, owó rẹ̀ á já wálẹ̀ bí èso tó pọ́n,
ìkorò rẹ̀ ò sì dín.
Ìyá mi á ní, "Bi í léèrè ohun tó sọ ọ́ di ọ̀pọ̀.
Bó bá jẹ́ pé ó pọ̀ ni, rà á.
Bó bá jẹ́ kòkòrò ni, má fi eyín rẹ wá a."

"Kòkòrò tèyí ńkọ́?" ni Dékúnlé bi mí.
N ò parọ́ fún un. Mo ní, ó wà ní jíà:
láàárọ̀ ọyẹ́, ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ máa ń ṣagídí.
Ṣùgbọ́n ti ọmọ Jámánì, bí púlọ́ọ̀gì kan bá kú,
ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lo ó fi máa wojú òkun.
Kòtò Ògijo ò sì mọ èyí tó wọ́n;
ikùn àwọn méjèèjì ni yóò há.

Ó tú ọ̀rá búrẹ́dì. Ó ka owó lẹ́ẹ̀mejì.
Ó gbé mílíọ̀nù mọ́kànlá jókòó,
ó fi ariwo dágbére fún wa.

Oṣù kejì, oníbàárà kan dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó,
ó ní Dékúnlé ń sọ fún gbogbo àdúgbò
pé mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún lòun rà á.
N ò já a nírọ́.
Owó orúkọ ló ń san yẹn,
ẹnu ló sì fi ń san án.