Ọkùnrin Tí N Kò Rí Pa

Aago mẹ́rin ìdájí, òjò Ṣiloé kò tíì sinmi.
Ó ń lu pákó ilé wa tó dúró lórí òpó nínú òkun,
omi lókè, omi nísàlẹ̀,
àwa mẹ́rin láàárín bí ẹyin nínú agbọ̀n.
Mo ki igi mẹ́ta bọ ààrò onírin,
mo ti ìwé iṣẹ́ àmúrelé Maite sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
abọ́ tí ìyẹ̀fun gan mọ́ lára sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì,
mo jókòó láti pa ènìyàn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti ń gbìyànjú.
Eladio lorúkọ rẹ̀, apẹja ni, orí kọkànlá ló yẹ kó kú sí.
Ọkọ̀ rẹ̀ ti là. Ìgbì ti dé.
Mo ti kọ òtútù, mo ti kọ bàtà rọ́bà tó kún fọ́fọ́,
ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ tì í sínú ibú, á rẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín náà á sì jẹ́ ti Heriberto ọkọ mi
tó ń hanrun ní yàrá kejì,
tí yóò wọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́ láago mẹ́fà.

Pípa ni gbogbo rẹ̀: mo ń pa irọ́, mo ń pa owó díẹ̀
(ìwé mi kejì ra àpò ọ̀dùnkún mẹ́rin
àti gíláàsì fèrèsé tí ìjì fọ́),
ènìyàn kan ṣoṣo ni n kò rí pa.
Ìyá ọkọ mi a máa bi mí pé,
"Bó o bá kọ ọ́ tán, ta ló máa fọ aṣọ?"
Èmi náà ni, Mama. Mo ti rẹ ẹ́ sómi.
Inú ọṣẹ ni mo ti gbọ́ ohun tí opó inú ìwé yóò sọ;
mo sáré wá bébà, n kò rí,
mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó iná tí a kò tíì san.

Wọ́n ní òǹkọ̀wé ń ṣẹ̀dá láti inú òfìfo.
Olè ni mí o.
Mo jí eyín kíkán ìyá bàbá mi, mo fi sẹ́nu oníwàyó.
Mo jí ẹkún Lautaro, èyí tí kì í dún rárá títí èémí yóò fi padà,
mo fi fún adájọ́ àgbàlagbà kan.
Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún kan àbọ̀
nítorí adìyẹ. Adìyẹ kan ṣoṣo, ojú ewé kẹtàlélógójì.
Ó ní òun ló ni ín.

Lálẹ́ àná, Heriberto gbé ṣíbí sílẹ̀:
"Ṣé èmi lo máa pa?"
Mo ní rárá. Ó wojú mi pẹ́.
"Tó bá jẹ́ èmi ni, má jẹ̀ẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀."
Ó tún bu ọbẹ̀ sí i.

Mo ṣí ìwé síbi tí mo fi gègé há.
Ẹnìkan ti débẹ̀ ṣáájú mi.
Lábẹ́ gbólóhùn tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin tún ṣe,
lẹ́tà gàgàrà, pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé, ọ̀kan dojú délẹ̀:
Eladio mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Bàbá mi ló kọ́ ọ.

Mo gbé gègé láti pa á rẹ́.
Ta ni yóò gbà á gbọ́? Apẹja wa kì í lúwẹ̀ẹ́,
bàtà wọn wúwo jù, omi tutù jù,
òǹkàwé yóò ní ọmọdé ló kọ ọ́.
Pákó yàrá ń dún: ọkọ mi ni,
ó ń táràrà wá ìbọ̀sẹ̀ kó má baà jí àwọn ọmọ.
Mo pa ìwé dé.
Mo gbé omi kaná.

Ó jáde wá, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán.
"Ó ti kú?"
Mo ní kò tíì kú. Mo ní jókòó, mu tíì.
Mo fa bàtà rọ́bà rẹ̀ sún mọ́ iná,
mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́,
inú rẹ̀ ṣì tutù.