Yíyọ̀

Åslaug ni wọ́n sọ ọ́ lábúlé wọn ní Nọ́wè.
Ahọ́n wa kọ̀ ọ́. A ní Óṣílọ.
Kò bínú; ó kọ ọ́ sórí pátákó dúdú
lábẹ́ ìṣirò ọjọ́ náà, ó ní kí á tún un pè.

Òmìnira pé ọdún mẹ́ta nígbà tó bọ́ sílẹ̀ nínú réluwé l'Óṣogbo
pẹ̀lú àpótí kan, orúnkún kan tí kì í tẹ̀ tán,
àti pákó méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga ju ọ̀gá ilé-ìwé lọ.
Àbẹ̀jẹ́ ní pákó pósí ni. A sá.

Bàtà ni.
Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ lábúlé wọn
tó wọ irú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè níbi ìdíje;
àwọn ọkùnrin dúró nísàlẹ̀, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín
títí aago fi sọ̀rọ̀.
Ó borí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta,
ó ku ọ̀pá àsíá méjì péré,
orúnkún rẹ̀ ṣẹ́ bí ìṣẹ́pẹ́.

Kí ló wà nílẹ̀ níbẹ̀, Mísì?
Ó wá ọ̀rọ̀ tì. Yìnyín kọ́,
yìnyín tí à ń ṣà jẹ nínú òjò kọ́.
Ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí èso àràbà ẹ̀yìn ọgbà là,
òwú rẹ̀ bo koríko, ó bo bẹ́ǹṣì.
Óṣílọ nawọ́ sí i, ó ń sunkún.

Ní Sátidé ó kó wa lọ sí Òkè-Fìà,
kálukú pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ tirẹ̀.
Ẹ tẹ orúnkún. Ẹ má wo ẹsẹ̀,
ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ wò.
Sàwúdátù fi eyín kan san owó ẹ̀kọ́ níbẹ̀.
Èmi dé ìsàlẹ̀ láìṣubú.

Ó ní kí ni à ń pe ohun tí mo ṣe yẹn?
Mo ní, yíyọ̀.
Èyí tó wà lójú rẹ ńkọ́?
Mo ní, yíyọ̀ náà ni.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, ó fa ìlà méjì sí i nídìí.

Kí ogun tó dé, ó ti ṣí lọ. Orúkọ kúkú ń roni.
Pákó kan di igi ìsáṣọ nílé Tíṣà Fáṣèyí;
èkejì, n kò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.
Ọ̀dà ti bo Òkè-Fìà, ọ̀kadà ló ń já ṣòòròṣò níbẹ̀ báyìí.
Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí òjò bá dá, tí ilẹ̀ ń yọ̀,
àwọn ọmọ mi á ní, Màmá, ẹ rọra.
N kì í dá wọn lóhùn.
Mo ń tẹ orúnkún lọ́wọ́.