Ojú Tòkunbọ̀

Ọ̀kẹ́ méjì náírà ni Fámúrewà pè é
ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Lágere, láàárín aago ọwọ́ tó ti kú
àti ṣájà tí kò ní olówó.
Mo ná an títí ó fi di ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀.
Lẹ́ńsì gígùn, dúdú, rọ́bà ọrùn rẹ̀ ti bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Bí mo bá dojú rẹ̀ kọlẹ̀, a yọ́ jáde fúnra rẹ̀
bí orí ahun tó gbọ́ pé ilẹ̀ ti dákẹ́.
Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni mo fi so ó lọ́rùn.
“Ọ̀nà jíjìn lèyí ń wò,” Fámúrewà wí.
“Ẹyẹ tó bà ní Mòdákẹ́kẹ́, wàá ka ìyẹ́ rẹ̀ níbí.”
Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Mo mọ̀. Mo rà á.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ Sátidé, mo gba ẹ̀bá odò Ọ̀pá lọ,
níbi tí wọ́n ti sé omi.
Kùrukùru sùn sórí odò, kò fẹ́ jí.
Ẹyẹ funfun kan wà lódìkejì, lórí kùkùté.
Lékeléke ni, àbí àkọ̀?
Mo fa lẹ́ńsì dé òpin. Ó ń kùn: gíì, gíì, gíì,
ó wá ẹyẹ lọ, ó wá ẹyẹ bọ̀,
bí àgbà tó ń wá gíláàsì tó wà lórí ara rẹ̀.
Kó tó rí ẹyẹ, ẹyẹ ti rí wa.

Fótò mọ́kànlélógún. Mo yẹ̀ wọ́n wò:
omi wà, kùkùté wà,
nǹkan funfun kan sì wà bí ẹ̀kọ tó ta sí aṣọ.
Ojú tó gùn kì í bo àṣírí ọwọ́:
ìka mì níhìn-ín,
odidi igi mì lọ́hùn-ún.

Oòrùn yọ. Inú mi ò dùn. Mo jókòó sórí àpáta
kí n jẹ búrẹ́dì mi.
Ni lámilámi pupa kan bá bà sórí eèsún,
kò jìnnà ju apá mi lọ.
Mo gbójú sí i: bàìbàì.
Mo sún mọ́ ọn: ó tún ṣú sí i.
Mo wá rántí àwòrán òdòdó kékeré lára lẹ́ńsì náà,
pẹ̀lú nọ́ńbà tí mo pè ní ẹ̀ṣọ́ lásán:
mítà kan ààbọ̀.

Mo fi ìdí wọ́ sẹ́yìn.
Mo pa ẹ̀rọ tó ń kùn (dákẹ́, ìwọ),
mo tẹ ìgúnpá mọ́ orúnkún,
mo ń fì síwájú, mo ń fì sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀,
bí abiyamọ tó pọn ọmọ tí kò tíì sùn tán.
Mo sé èémí.
Ó dé.

Háà! Ojú nínú ojú nínú ojú,
bí afárá oyin tí wọ́n fi epo pa.
Irun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀!
Ìrì kan ṣoṣo rọ̀ mọ́ irun àyà rẹ̀;
nínú ìrì ọ̀hún, odò Ọ̀pá dorí kodò,
tòun ti kùkùté.
Gbogbo igbó ẹ̀yìn rẹ̀ yọ́ di àwọ̀ ewé kan,
bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ títí.

Mọradéyọ̀ àbúrò mi wò ó lálẹ́, ó pariwo:
“Níbo lẹ ti rí ẹranko yìí?”
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì mi.

Màmá ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà, nílé wa ní Ìlódè.
Ọdún mẹ́ta rèé tí mo padà wálé, tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.
Mo sún sẹ́yìn títí ẹ̀yìn mi fi kan ògiri.
Mítà kan ààbọ̀, bóyá díẹ̀ lé.
Àpá kékeré kan wà nísàlẹ̀ ojú rẹ̀ òsì.
Mi ò mọ̀ ọ́n rí.
Mi ò ya fótò. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀,
rọ́bà já, pọ́!
ahun òpònú náà yọrí.
Màmá gbójú sókè: “Kí ló já?”