Ẹni Tó Di Orí Mú

Àwọn ará Òwénà gbé e wá lórí pákó ilẹ̀kùn,
ọkùnrin tó já láti orí igi obì.
Akínfọlárìn ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é,
ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dáhùn.
Àyà rẹ̀ ń gòkè dé ìdajì, ó ń padà.
Iṣẹ́ tèmi kò ju ẹyọ kan lọ:
kí n di orí mú.

Ní ọjọ́ mìíràn, à bá ká aṣọ sábẹ́ ìpàkọ́,
à bá gbé àgbọ̀n sókè
bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé,
ọ̀nà èémí á sì là gbọọrọ.
Lónìí, èèwọ̀ ni.
Bí a bá yí ọrùn yìí ní ìwọ̀n ìbú èékánná,
ọwọ́ lè gbàgbé ọwọ́, ẹsẹ̀ lè gbàgbé ilẹ̀.

A tú iwájú kọ́là. Mo lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn,
mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá etí rẹ̀ mú.
Ewé obì kan ṣì wà nínú irun rẹ̀.
Mi ò lè yọ ọ́.

Dókítà Olúwátuyì bèèrè irin oníkámẹ́rà.
Bátìrì rẹ̀ ti kú láti àná.
Ó mú ti àtijọ́, èyí tí iná orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú,
ó wò, ó tún wò.
"Mi ò rí ju àtẹ́rígbà lọ."
Ọwọ́ mi gbọ́ ọ, ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́,
ó fẹ́ gbé orí yẹn sókè díẹ̀, díẹ̀ péré.
Ọwọ́ burú: àánú ló fẹ́ fi pààyàn.

Àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.
Wọn ò sọ fún wa pé ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀,
ọ̀kan ti iyán, ọ̀kan ti afẹ́fẹ́,
wọ́n fara ti ara wọn bí yàrá onílé àti ti ayálégbé.

Ló bá gba ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ṣóńṣó rẹ̀ tẹ̀,
ó tì í wọ inú òkùnkùn tí kò rí.
Kẹ́rẹ́. Kẹ́rẹ́. Kẹ́rẹ́.
Bí ọmọdé ṣe ń fi igi wọ́ ara páànù ọgbà,
bẹ́ẹ̀ ni òrùka gògóńgò ń ka ara wọn sí i lọ́wọ́.
"Mo ti wọlé."
Rọ́bà tẹ̀lé ọ̀pá, ọ̀pá jáde, rọ́bà dúró.
Ìrì bo inú rẹ̀, ó ká kúrò, ó tún bò ó.
Àyà gbéra lápá ọ̀tún. Ó gbéra lápá òsì.

Wọ́n ní kí n fi orí sílẹ̀.
Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ de kọ́là.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ra ọsàn ní Lájé,
ọwọ́ mi ṣì ká bí ẹni di igbá omi mú.
Ẹnìkan pè mí lẹ́yìn: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣéńjì yín!"
Mo yí ọrùn.
Mo dúró lẹ́bàá títì, mo tún un yí,
díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tó ń ka owó tí kò mọ̀ pé òun ní.